Pátẹ́ǹtì Tó Ti Kú Ló Wúlò fún Wa Jù

Ẹni tó bá ti gbọ́ pé mo ń fi kọ̀ǹpútà ka pátẹ́ǹtì jẹun, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí: "Kí ló ń bọ̀? Iṣẹ́ wo ni kí n tètè kówó lé?" Inú ìlú tí Òkè Ìtasẹ̀ wà la kúkú ń gbé, kò yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n n kì í ṣe babaláwo, ẹ̀rọ tí mo ń lò kì í sì í ṣe ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ohun tí ẹnìkan ti ṣe, tó ti kọ sílẹ̀, tó sì ti sanwó lé lórí, òun nìkan ló lè kà. Ọjọ́ iwájú tí wọ́n ní ó ń sọ, àná ló fi ń méfò rẹ̀.

Mi ò ní ìméfò náà kò dáa o. Ilé iṣẹ́ ńlá tó fẹ́ mọ ibi tí ẹni tí wọ́n jọ ń du ọjà ń forí lé, ó wúlò fún un. Ṣùgbọ́n fún àwa tí a wà ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín wẹ́dà àti elégàrí àti ọlọ́ṣẹ dúdú, ibòmíràn ni mo rí èrè iṣẹ́ yìí sí. Inú àwọn pátẹ́ǹtì tó ti kú ni, àwọn tí sáà ẹ̀tọ́ wọn ti parí.

Àwọn kan rò pé ìwé oyè ni pátẹ́ǹtì, tí wọ́n ń fi sínú gíláàsì kọ́ sára ògiri. Àdéhùn ni. Ẹni tó ṣe nǹkan tuntun á ṣàlàyé bó ṣe ṣe é, á ya àwòrán rẹ̀ débi pé ẹlòmíràn tó mọṣẹ́ lè wò ó kó sì ṣe irú ẹ̀. Ìjọba náà á wá fún un lẹ́tọ̀ọ́ pé fún sáà kan, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe é tà láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1970 ló ń darí ọ̀rọ̀ yìí, sáà náà sì jẹ́ 20 ọdún láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ìwé sílẹ̀, bí ẹni tó ni ín bá ń san owó ọdọọdún tó so mọ́ ọn. Ohun tí àwọn èèyàn wa kì í fiyè sí nínú àdéhùn yìí ni pé ó máa ń kú. Bí ọdún rẹ̀ bá pé, tàbí bí olówó ẹ̀ kò bá san owó ọdún mọ́, ó ti di ti gbogbo ayé nìyẹn. Kì í sì í kọjá ààlà. Pátẹ́ǹtì tí wọ́n gbà ní Bràsíl tí wọn ò gbà ní Nàìjíríà, kò ní agbára kankan ní Lágere.

Pátẹ́ǹtì àkọ́kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún ẹnikẹ́ni, lọ́jọ́ 31 oṣù keje ọdún 1790, ọ̀rọ̀ eérú ni. Samuel Hopkins ló gbà á, lórí ọ̀nà tuntun tó ń gbà yọ pótáṣì lára eérú igi, George Washington fúnra rẹ̀ ló sì fọwọ́ sí i. Mo sọ fún ìyá kan tó ń fi eérú èèpo kókó se ọṣẹ dúdú, ó wò mí títí. "Eérú náà ni wọ́n ń gbàwé lé lórí? Ẹni tó fọwọ́ sí i, ṣé òun náà mọ ọṣẹ ẹ́ sè ni?"

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ìwé yìí pọ̀. Lọ́dún 2023 nìkan, ìwé tí wọ́n fi béèrè fún pátẹ́ǹtì káàkiri àgbáyé lé ní mílíọ̀nù 3.5, iléeṣẹ́ pátẹ́ǹtì ti Ṣáínà nìkan ló sì gba nǹkan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀. Espacenet, àká tí iléeṣẹ́ pátẹ́ǹtì ilẹ̀ Yúróòpù ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé inú rẹ̀ ju mílíọ̀nù 150 lọ. Nígbà kan rí, ojú lásán ni wọ́n fi ń kà á. Genrich Altshuller, ará Sófíẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ sí í tú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan láti 1946, torí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọgbọ́n kan náà ló ń tún ara rẹ̀ dá lábẹ́ iṣẹ́ tó yàtọ̀ síra. Ó rí i pé bẹ́ẹ̀ ni, inú rẹ̀ ló ti yọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní TRIZ, ẹ̀kọ́ nípa bí èèyàn ṣe lè hùmọ̀ ojútùú tuntun. Iṣẹ́ tó gbà á ní ọdún gbọọrọ, apá tó rọrùn jù nínú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà mi ń ṣe kí iná tó lọ.

Kò sì sí idán nínú bó ṣe ń ṣe é. Iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fara hàn ló kọ́kọ́ máa ń kà. Ó máa wá wò ó: ṣé inú gbogbo ìwé ni ọ̀rọ̀ yìí wà, àbí inú àwọn díẹ̀ yìí nìkan? Èyí tó wà níbi gbogbo kò níyì. Èyí tó pọ̀ níhìn-ín tó sì ṣọ̀wọ́n níbòmíràn, òun ló ń tú àṣírí ohun tí ìwé náà dá lé. Karen Spärck Jones, ní Cambridge, ló gbé ìrònú yìí kalẹ̀ lọ́dún 1972, a ò tíì fi sílẹ̀ títí dòní. Ti pátẹ́ǹtì tún ní àrà tirẹ̀, torí èdè lọ́yà ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. "Èyí tí a ti wí ṣáájú", "tó ní nínú rẹ̀", "gẹ́gẹ́ bó ti wà ní ìpín kìíní": tí ẹ ò bá kọ́kọ́ gbọn àwọn wọ̀nyẹn dànù, ẹ̀rọ tó ń lọ ata àti ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò inú ikùn á jọra lójú kọ̀ǹpútà.

Lẹ́yìn náà ni AI, ọgbọ́n àtọwọ́dá inú kọ̀ǹpútà, dé. Lọ́dún 2013 ni àwọn onímọ̀ Google gbé word2vec jáde, tó ń sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan di àkójọ nọ́ńbà, tí ọ̀rọ̀ tó bá ń bá ẹgbẹ́ kan náà rìn á fi máa sún mọ́ra wọn. Ní 2018 ni BERT wọlé, tó ń wo ọ̀rọ̀ pẹ̀lú gbólóhùn tó yí i ká. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún èmi ni pé mi ò ní láti mọ gbogbo orúkọ tí lọ́yà kan ní Bangkok tàbí São Paulo lè pe nǹkan kí n tó rí i.

Ẹ jẹ́ n fi bíbó ẹ̀gẹ́ ṣàlàyé. Ẹni tó bá ti yà síbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí rí, lápá Modákẹ́kẹ́ tàbí lójú ọ̀nà Ẹdẹ, á ti rí i pé ẹ̀rọ ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Ẹ̀rọ ló ń lọ ẹ̀gẹ́, jáàkì ló ń fún omi rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di bíbó, ọ̀bẹ ni. Àwọn obìnrin á fi àpótí jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká láti àárọ̀, ọmọ á wà lẹ́yìn ẹlòmíràn, èèpo á ga dé orúnkún, ọ̀rọ̀ ilé ọkọ á máa lọ lábẹ́lẹ̀. Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù láyé, ọ̀bẹ ìdáná la ṣì fi ń bó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn ẹnjiníà ò gbìyànjú. Ara ẹ̀gẹ́ ni kò gbà. Èyí tẹ́ẹ́rẹ́, èyí sanra, èyí wọ́, èyí ní kókó. Ìlù onírin tó ń yí tó sì ń họ ọ́ á ti jẹ ara funfun èyí tó sanra tán kó tó dé kọ̀rọ̀ èyí tó wọ́.

Tí ẹ bá tẹ "cassava" nìkan, ìwé tẹ́ ẹ máa rí kéré sí ohun tó wà nílẹ̀. "Mandioca" ni àwọn ará Bràsíl ń pè é, àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é ní "manioc", àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì ní "yuca". Ti Ṣáínà tún yàtọ̀. Lọ́yà tó gbọ́n, tó fẹ́ kí ẹ̀tọ́ oníbàárà òun fẹ̀, kò tiẹ̀ ní dárúkọ ẹ̀gẹ́ rárá. Á ní "ohun jíjẹ tó ń ta gbòǹgbò". Ohun tó ń gbà wá lọ́wọ́ wọn ni kóòdù. Láti ìgbà àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Strasbourg lọ́dún 1971 ni wọ́n ti ń pín pátẹ́ǹtì sí ìsọ̀rí tó lé ní 70,000. A23N 7 ni ti bíbó ewébẹ̀ àti èso, èdè yòówù kí wọ́n fi kọ ọ́. Mo máa ń fi kóòdù ká àgbègbè náà mọ́, n óò ní kí AI to ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n tí wọ́n dá, èyí tó bá ṣẹ́kù díẹ̀ ni n óò wá fi ojú ara mi kà.

Nígbà tó tò ó tán, gbogbo rẹ̀ ṣe kedere. Àwọn kan ń fi ìlù tó ní eyín họ ọ́. Àwọn kan ń fi rólà méjì gbé e yí. Àwọn kan, láti ìdí iṣẹ́ ànàmọ́ òyìnbó, ń fi ooru omi gbígbóná sé e mọ́ inú ìkòkò, wọ́n á sì ṣí i lójijì kí èèpo fi bẹ́. Ìsọ̀rí kan tó kéré jù ló wù mí: ọ̀bẹ tí sípíríǹgì gbé dúró, tó ń lọ sókè sódò bí ara ẹ̀gẹ́ bá ṣe rí, kó má baà wọnú ara rẹ̀ jù. Ọ̀kan nínú wọn ti kú tipẹ́, àwòrán rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kedere.

Mo tẹ àwòrán náà jáde, mo gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà lójú ọ̀nà Oǹdó. Gbogbo ẹni tó bá ti rí i pé inú ọgbà yunifásítì ló ti kàwé, "Prof" ló ń pè é, kódà bí onítọ̀hún bá gba ọjà ní àwìn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Prof, ẹ gbé e wá kí n rí i." Ó nù ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó yí bébà náà po. Kò ka ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Ìka rẹ̀ ló fi tẹ̀ lé irin láti ibi tí ẹ̀gẹ́ ti ń wọlé dé ibi tó ti ń jáde, ó wá dúró sórí sípíríǹgì. "Ẹni tó ya èyí ò bó ẹ̀gẹ́ rí."

"Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n?"

"Omi ẹ̀gẹ́ ń jẹ irin. Kó tó pẹ́ títí, sípíríǹgì yìí á ti dípẹtà, á gan pa. Tẹ́ ẹ bá ní kí n lo sténlẹ́ẹ̀sì, ta ló máa rà á? Ẹ jẹ́ n fi tíúùbù ọ̀kadà ṣe é. Rọ́bà ò mọ ìpẹtà."

Ó fi tíúùbù ṣe é lóòótọ́. Ó ń bó èyí tó gún régé dáadáa. Èyí tó wọ́, ọwọ́ ṣì máa parí ẹ̀. Ìyá elégàrí tó kọ́kọ́ dán an wò ní ó dín ìdajì iṣẹ́ kù fún òun, ó tún ní kò rántí pọ́n ọ̀bẹ ara rẹ̀ o, bíi pé ẹ̀rọ ló yẹ kó máa pọ́n ọn. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí níbẹ̀ ni pé AI kò mọ̀ pé omi ẹ̀gẹ́ ń jẹ irin, ìwé tó kà kò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yìí náà kò bá tí rí ọ̀bẹ onísípíríǹgì yẹn láyé bí kò bá sí ẹ̀rọ tó wọ inú ìwé ilẹ̀ òkèèrè lọ mú un jáde.

Ó bi mí bóyá ọlọ́pàá ò ní wá gbé òun. Ìbéèrè tó dáa ni. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹni tó ni ín gbé e wọ Nàìjíríà, torí láti 2005 ni orílẹ̀-èdè wa ti wọ inú àdéhùn PCT, tó jẹ́ kó rọrùn fún ará ilẹ̀ òkèèrè láti béèrè níhìn-ín. Tí kò bá sí níhìn-ín, tàbí tó ti kú, ọ̀nà là. Ẹ má kàn kó o lọ tà níbi tó ti ṣì wà láàyè.

Ẹ wá jẹ́ n padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń wá àsọtẹ́lẹ̀. Ọmọ kan tó ń ṣe máasítà gbé àwòrán kan wá fún mi, ìlà iye pátẹ́ǹtì lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ kan, tó ń gòkè láti ọdún dé ọdún, tó wá já wálẹ̀ lójijì ní ìparí. Ó ti kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé ìmọ̀ ẹ̀rọ náà ti ń kú lọ. Kò sí ohun tó ń kú. Oṣù 18 ni wọ́n sábà máa ń fi ìwé pátẹ́ǹtì pamọ́ kí wọ́n tó gbé e síta, nítorí náà kò sí bí ìlà náà ò ṣe ní wálẹ̀ ní ìparí, lórí iṣẹ́ yòówù. Ọ̀nà ìtànjẹ mìíràn tún wà. Ẹni kan náà á gba pátẹ́ǹtì kan náà ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, ẹni tí kò bá kó wọn pọ̀ ní ẹbí-ẹbí á kà á ní mẹ́fà. Ti Ṣáínà sì wà níbẹ̀: ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wọn fi ń fún èèyàn lówó ìrànwọ́ bó bá ti béèrè fún pátẹ́ǹtì, ọdún 2021 ni ìjọba àpapọ̀ wọn ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jáwọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń ka iye ìwé nígbà yẹn, owó ìjọba ló ń kà, ó rò pé ọgbọ́n ni.

WIPO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pátẹ́ǹtì àti irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, gbé ìròyìn kan jáde lọ́dún 2024 lórí irú AI tó ń kọ ọ̀rọ̀ tó sì ń ya àwòrán fúnra rẹ̀. Láàárín 2014 sí 2023, wọ́n rí iṣẹ́ tuntun bíi 54,000, ó lé ní 38,000 tó wá láti Ṣáínà. Iṣẹ́ gidi ni, mo kà á láti ojú ìwé dé ojú ìwé. Mo pa á dé, mo sì bi ara mi pé kí ni ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Sábó fẹ́ fi ṣe. Kò sí.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gba ọ̀nà àbùjá, kẹ́ ẹ bi AI tí gbogbo èèyàn ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé kó wá pátẹ́ǹtì fún yín, ẹ ṣọ́ra. Ó lè kọ nọ́ńbà, orúkọ àti ọdún tó dán gbinrin jáde fún pátẹ́ǹtì tí kò sí lókè eèpẹ̀. Nọ́ńbà yòówù tó bá fún yín, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní Espacenet kẹ́ ẹ tó náwó lé e.

Ohun tí ẹ̀rọ yìí kò rí ló ń dùn mí jù, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń bínú díẹ̀. Lọ́dún 1994, iléeṣẹ́ pátẹ́ǹtì ilẹ̀ Yúróòpù fún ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ilé iṣẹ́ W. R. Grace ní pátẹ́ǹtì lórí òróró dóńgóyárò tí wọ́n fi ń pa ohun tó ń hu sára irè oko. Dóńgóyárò tí àwọn ará Íńdíà ti ń lò láti ayébáyé! Ọdún 2000 ni wọ́n tó fagi lé e, ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà kò sì parí títí di 2005. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àtalẹ̀ pupa ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbà á lọ́dún 1995, wọ́n fagi lé e lọ́dún 1997. Íńdíà ò jókòó sunkún. Láti 2001 ni wọ́n ti ń kó ìmọ̀ egbòogi wọn sínú àká orí kọ̀ǹpútà, ní èdè márùn-ún tí àwọn tó ń yẹ pátẹ́ǹtì wò ń kà.

Ní Ifẹ̀ ńkọ́? Láwọn ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí gbòǹgbò orin àtà fún àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ẹ̀rọ lè rí ìyẹn. Kó tiẹ̀ lè rí i dáadáa, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún un pé igi tí wọ́n ń pè ní Fagara nígbà yẹn ni Zanthoxylum ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n àìmọye iṣẹ́ àṣejáde àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló wà lórí pẹpẹ inú ọgbà, bébà lásán, tí kọ̀ǹpútà kankan ò tíì kà rí. Pátẹ́ǹtì tí wọ́n gbà ní Àbújá náà, ó ṣọ̀wọ́n kẹ́ ẹ tó rí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nínú àwọn àká ńlá àgbáyé. Tẹ́ ẹ bá wo máàpù ìmọ̀ ẹ̀rọ tí AI yà, ibi tí a wà á dà bí aṣálẹ̀. Wọ́n á ní a ò ṣe nǹkan kan.

Òfin wa tún ní ọ̀fìn kan tí àwọn olùkọ́ ń já sí. Nǹkan tuntun ni òfin ń fún ní pátẹ́ǹtì, ohun tí o bá ti sọ fáyé gbọ́, bóyá nínú ìwé bóyá lẹ́nu, kó o tó fi ìwé sílẹ̀, kì í ṣe tuntun mọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe sẹminá, tó tẹ̀ ẹ́ jáde, tó wá rántí pátẹ́ǹtì lẹ́yìn ọdún méjì, ó ti fún ayé lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. Bó bá sì gba ìwé náà ní Àbújá, kò tíì túmọ̀ sí pé ó dúró, torí wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀ bóyá ó jẹ́ tuntun lóòótọ́. Òfin fúnra rẹ̀ sọ pé orí ẹni tó gbà á ni ewu rẹ̀ wà.

Ohun tí mo ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ nínú ọgbà kò le. NACETEM tó ń ṣe ìwádìí lórí àbójútó ìmọ̀ ẹ̀rọ, inú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbí ló fìdí kalẹ̀ sí. A ní ẹnjiníà, a ní akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà tí kò ríṣẹ́ ṣe. Kí wọ́n máa wá pátẹ́ǹtì tó ti kú lórí iṣẹ́ irè oko, kí wọ́n yọ àwòrán rẹ̀, kí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ nínú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sáwọn wẹ́dà lórí WhatsApp. Ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ ni pé ta ló máa sanwó, mi ò sì tíì rí èsì gidi fún un. Ìròyìn ńlá tó ní ìlà aláwọ̀ mèremère ló ń rówó gbà.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n ojú ọ̀nà Oǹdó ti bẹ̀rẹ̀ tiwa ná. Ó ti fi àwọn wẹ́dà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mélòó kan sínú gúrúùpù kan, àwọn ló ń yan iṣẹ́, èmi ń wá a. Ẹ̀rọ tó ń pa ẹ̀kùrọ́ ni wọ́n ní kó kàn, èyí tí kò ní máa fọ́ ọmọ inú rẹ̀ wẹ́wẹ́. A23N 5 ni kóòdù tí mo fi bẹ̀rẹ̀, àwọn ará Malaysia ni mo sì kọ́kọ́ ń tú ìwé wọn wò. Ohùn tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ àná ò gùn: "Prof, èyí tí jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé ni kẹ́ ẹ wá o. Ẹ má gbé èyí tó máa dúró de iná ìjọba wá bá wa."